Ta Ni Yóò Bá Ọmọ Mi Gbé Yàrá?

Bí orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n gbà wọlé sí yunifásítì bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi pátápátá. Wọn kì í béèrè pé olùkọ́ mélòó ló wà ní ẹ̀ka tí ọmọ fẹ́ lọ. Wọn kì í béèrè bóyá omi ń yọ ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tàbí bóyá ìwé wà ní láíbìrì. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Ta ni yóò bá ọmọ mi gbé yàrá?" Bí ẹ bá ní kí wọ́n là á yé yín, wọn yóò là á. Ṣé Yorùbá ni? Ṣé ọmọ Rẹ́mọ ni? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń lọ? Ṣé kì í ṣe oníkìrun ni? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ẹsẹ̀ wọn kò ní gbélẹ̀ mọ́. Wọn yóò wá pọ́tà rí, wọn yóò fi nǹkan sí i lọ́wọ́, wọn yóò pe ẹni tó mọ ẹni tó mọ ọ̀gá, títí wọn yóò fi rí i pé ọmọ wọn àti ọmọ ará ilé wọn ni wọ́n jọ wà, ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, èkejì ní ìsàlẹ̀.

Mo ní ìwà yìí kò dára, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ní gbangba. Ẹ ń san owó ilé-ìwé gọbọi, ẹ tún ń san owó ẹ̀yìn kí ọmọ yín má baà rí ìdajì ohun tí ẹ sanwó fún. Ọmọ tí ẹ bí ní Sábó, tí ẹ tọ́ ní Sábó, tó lọ sí yunifásítì lọ bá ará Sábó gbé yàrá fún ọdún mẹ́rin, tó tún bá a wọ mọ́tò kan náà padà sí Sábó, ẹ jọ̀ọ́, ibo ló lọ gan-an?

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ lọ́dọ̀ àwọn òbí. Àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹni tó bí wọn lọ. Kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà ilé-ìwé, wọ́n ti kó ara wọn jọ sórí WhatsApp, wọ́n ń polówó ara wọn bí ẹní ń polówó ilé: mò ń wá ẹni tí a ó jọ gbé, kó jẹ́ Yorùbá, kó jẹ́ onígbàgbọ́, kó má jẹ́ ará ibi báyìí-báyìí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún! Kò tíì pàdé ẹnikẹ́ni, ó ti mọ irú ẹni tí kò fẹ́ pàdé. Ta ló kọ́ ọ? Inú ilé yín náà ló ti gbọ́ ọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kàn mí. Ó kàn mí dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní ní Sábó, nílùú Ṣàgámù níhìn-ín, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, tí mo sì ń bá àwọn ọmọ wọn fi fọ́ọ̀mù JAMB àti fọ́ọ̀mù ilé akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Iwájú mi ni gbogbo àṣírí ń gbà kọjá. Mo mọ ọmọ tó rí máàkì gbà, mo mọ èyí tí kò rí i, mo sì mọ òbí tó dúró sí ẹ̀yìn ọmọ tó ń sọ fún un pé, "Má tẹ ibẹ̀ yẹn, tẹ èyí."

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan wá bá mi. Obì gbànja ló ń tà, ọwọ́ rẹ̀ sì mókè. Wọ́n ti fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, nínú yàrá ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ọmọ náà ti dé ibẹ̀, ó ti fi orúkọ àwọn yòókù ránṣẹ́ sílé. Méjì nínú wọn ará Kánò, ọ̀kan ọmọ Ìgbò, ọ̀kan wá láti apá Benue. Yorùbá kan ṣoṣo ló kù, òun náà ará Ọ̀yọ́.

"Tíṣà," ni ìyá yìí wí. Bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí. "Ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹ ní ara ọmọ mi kò yá, dókítà ní àárín àwọn èèyàn rẹ̀ ni kó máa gbé."

Mo ní, "Màmá, irú àìsàn wo nìyẹn?"

Ó ní, "Ẹ ṣáà kọ ọ́, jàre. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn Gàǹbàrí kò ṣe é bá gbé."

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún. Ẹ gbọ́ o, alhaji kan ló ń pè é láti Kánò! Màmá bọ́ sínú Hausa wẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ lórúkọ-lórúkọ. Gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣàlàyé fún mi nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, odidi ọkọ̀ obì kan ti lọ, owó rẹ̀ kò tíì dé, kò sì sí wàhálà, lọ́jọ́ Jímọ̀ yóò dé. Mo bi í pé ìwé wo ni òun àti alhaji náà tọwọ́ bọ̀ lórí ẹrù yìí. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé.

"Ìwé kẹ̀? Ó lé lógún ọdún tí a ti jọ ń ṣe é bọ̀!"

Mo ní, "Màmá, ẹ fi ẹrù tó tó owó ilé sọ́wọ́ ọkùnrin yìí láìgba ìwé. Ẹ sì ní ọmọ yín kò gbọdọ̀ sun yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ ará ìlú rẹ̀?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wáá ní, "Ọjà lọ̀tọ̀, ilé lọ̀tọ̀."

N kò kọ lẹ́tà náà. Ṣọ́ọ̀bù kejì bá a kọ ọ́, wọ́n gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà, wọ́n sì gbé ọmọ náà kúrò nínú yàrá yẹn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Gbólóhùn yẹn, ọjà lọ̀tọ̀, ilé lọ̀tọ̀, ni mo fẹ́ bá wọ ìjàkadì. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ níbòmíràn, a lè ní wọn kò mọ̀. Ní Sábó kẹ̀? Sabon Gari ni àwọn Hausa ń pè é, èyíinì ni ìlú tuntun. Ẹnu wa ló gé e kúrú. Ó wà ní Ìbàdàn, ó wà níhìn-ín, ó wà ní ìlú Yorùbá púpọ̀. Obì ló kó wọn wá sọ́dọ̀ tiwa. Ilẹ̀ Rẹ́mọ ń so gbànja, ṣùgbọ́n Òkè Ọya ni ẹnu tó ń jẹ ẹ́ pọ̀ sí, níbi tí wọ́n ti ń fi í kí àlejò, tí wọ́n ń pín in níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi ìyàwó. Ẹ wáá wò ó láyé ìgbà náà: ọkùnrin kan gbéra láti Kánò tòun ti owó lápò, kò gbọ́ èdè wa, kò mọ ẹni tó lè lù ú ní jìbìtì, kò sí báǹkì tó mọ̀ ọ́n. Kí ni yóò ṣe? Yóò wá ilé tí yóò wọ̀ sí. Mai gida ni wọ́n ń pe onílé bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni àlejò yóò sùn, ibẹ̀ ni yóò jẹun, onílé ni yóò bá a tọ́jú owó, òun ni yóò mú un mọ olóbì, òun náà ni yóò dúró fún un bí gbèsè bá wọ̀ ọ́. Abner Cohen, òyìnbó tó lọ ṣèwádìí ní Sábó Ìbàdàn, tẹ ìwé kan jáde lórí wọn ní 1969, ìwé náà sì kún fún ọ̀rọ̀ àwọn onílé wọ̀nyí. Bí àlejò kò bá rí ibi sùn, kò sí òwò. Ibùsùn ló ṣáájú ọjà.

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ í jà yóò ní: ṣebí Hausa bíi tirẹ̀ ni mai gida náà? Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ṣùgbọ́n kí ni mai gida ń tà gan-an tí wọ́n fi ń fún un ní owó ìdúró? Ohun tó ń tà ni pé ó ti gbé láàárín wa pẹ́, ó gbọ́ Yorùbá, ó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe é gbára lé àti ẹni tí kò ṣe é gbára lé. Bó bá ti jẹ́ pé àárín ara wọn nìkan ló wà láti ọjọ́ tó ti dé, ta ni ì bá nílò rẹ̀?

Ṣàgámù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá ni ogun kó jọ síbi kan ní nǹkan bí ọdún 1872, Ọ̀fin, Màkún, Ìjagbà, Sóyindó àti àwọn yòókù. Títí di òní, bí ẹ bá bi ọmọ Ṣàgámù ní ilé baba rẹ̀, ará Màkún ni yóò pe ara rẹ̀, tàbí ará Ọ̀fin. Kò sí ẹni tó yan ẹni tí wọn yóò jọ mọ ògiri lọ́jọ́ náà. Ogun ló pín yàrá. Wọ́n bá ara wọn jà lórí ilẹ̀, wọ́n bá ara wọn jà lórí oyè, wọn kò sì tíì jà tán. Síbẹ̀ a ti di ìlú kan. Àwa ọmọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ alábẹ́ẹ̀dì mẹ́tàlá yìí náà ni a wáá ń sọ pé ọmọ wa kò lè bá àlejò sùn!

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò nínú ọkàn wọn tí wọn kò fẹ́ sọ. Oṣù Keje ọdún 1999 ni wọ́n ń rántí. Èmi náà wà nílùú nígbà náà. Ọ̀rọ̀ Orò ló dá a sílẹ̀, láàárín àwa àti àwọn Hausa Sábó, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sun ilé. Àwọn oníròyìn ní ẹ̀mí tó ṣòfò lé ní 50. Kí oṣù náà tó parí, iná náà ti jó dé Kánò, wọ́n ń pa Yorùbá níbẹ̀ láti fi gbẹ̀san. Ẹlòmíràn yóò ní, ṣé ẹ wáá rí i? Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ọmọ mi bá wọn gbé.

Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé a ti ń bá ara wa ná ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún, a mọ iye tí agbọ̀n obì ń lọ, a mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra, ṣùgbọ́n a kò mọ alẹ́ ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tí alẹ́ Orò jẹ́ fún wa ju pé kí wọ́n má jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tí ẹ̀sìn tiwọn sọ nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a kò sì béèrè rí. Ọjà lọ̀tọ̀, ilé lọ̀tọ̀: ẹ rí ibi tó gbé wa dé. N kò sọ pé bí ọmọ méjì bá ti jọ gbé yàrá ní yunifásítì, ìjà náà kò ní ṣẹlẹ̀. Irọ́ nìyẹn yóò jẹ́. Ìjà ìgboro ní ìdí tó ju èyí lọ, ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti ọlọ́pàá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lálẹ́ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀, ìlú nílò èèyàn tó lè gbé fóònù, tó lè pe ẹnì kan ní òdìkejì, tí onítọ̀hún yóò sì gbà á gbọ́. Ibo la ti fẹ́ rí irú wọn bí àwọn ọmọ tí a rán lọ sílé-ìwé gíga bá tún lọ mọ odi yí ara wọn ká níbẹ̀?

Nígbà tí yunifásítì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, ní Ẹlẹ́yẹlé, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n kó jọ, inú ilé tí àwọn ọmọ ogun lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì kó wọn sí. Nígbà tó fi máa di 1952, wọ́n ti ń kó lọ sí ọgbà tí wọ́n wà títí di òní, níbi tí Mellanby Hall wà, tí wọ́n fi orúkọ Kenneth Mellanby, ọ̀gá àkọ́kọ́, pè, àti Kuti Hall, tí wọ́n fi sọrí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti. Láyé ìgbà náà, inú ọgbà ni wọ́n ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé, ibi tí wọ́n bá sì fi ọ́ sí lo máa wà. Ẹ wo irú ẹni tó gba inú àwọn ilé wọ̀nyẹn kọjá láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn: Chinua Achebe láti Ogidi, Christopher Okigbo láti Ojoto, J. P. Clark láti ilẹ̀ Ìjọ, Wọlé Ṣóyínká tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìsarà, ní Rẹ́mọ wa níhìn-ín. Ẹ bá mi rò ó ná, ká ní bàbá kọ̀ọ̀kan ti lọ bá pọ́tà pé àárín àwọn ará abúlé àwọn ni kó fi ọmọ òun sí.

Ìjọba pàápàá mọ̀ ọ́n. Ogun abẹ́lé parí ní 1970. Nígbà tó di 1973, ìjọba Gowon dá ìsìnrú ìlú sílẹ̀, tí àwa ń pè ní NYSC, kí ọmọ Yorùbá lè lọ gbé ilẹ̀ Hausa, kí ọmọ Ìgbò lè wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti lo ọdún mẹ́rin láàárín ìyẹ̀kan rẹ̀, tí ẹ wáá ń jù sí Sókótó fún ọdún kan ṣoṣo, ẹkún ni yóò máa sun nínú àgọ́. Ẹ̀yin kan náà lẹ ó sì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n kọ lẹ́tà tí yóò gbé e padà wá sí Ògùn. Ìwé dókítà náà ni. Àìsàn kan náà!

Ó tó kí n gbọ́ tẹnu yín báyìí, nítorí ẹ̀rù tó ń ba òbí kì í ṣe ẹ̀rù lásán.

Ẹ ó ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ńkọ́? Ẹgbẹ́ òkùnkùn wà, mo sì bẹ̀rù rẹ̀ jù yín lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999 kan náà, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú wàhálà tiwa níhìn-ín, wọ́n wọ Awolowo Hall ní Yunifásítì Ifẹ̀ lóru, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn tó wá pa wọ́n. Ṣé wọ́n béèrè èdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó yìnbọn? Bí ẹ bá ń sá fún ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ẹ máa wo ìwà, ẹ máa wo ẹni tó ń jáde lóru, ẹni tó ń náwó tí a kò mọ orísun rẹ̀. Ọmọ àdúgbò yín tí ẹ tìtorí orúkọ bàbá rẹ̀ gbà sínú yàrá lè jẹ́ ẹni tí yóò mú ọmọ yín wọ̀ ọ́. Ẹni tó mọ̀ wá ló rọrùn fún láti fà wá lọ́wọ́.

Ẹ ó ní ẹ̀sìn ńkọ́? Ẹ̀yin náà lẹ ń tọrọ àyè fún ọmọ yín ní Babcock, ní Ìlíṣàn, nígbà tí ẹ kì í ṣe ọmọ ìjọ Adventist, tí ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé ni ìsinmi níbẹ̀. Ẹ kò rí i pé ẹ̀sìn ọmọ yín ti bàjẹ́. Ìdí ni pé ẹ rò pé ilé-ìwé náà dára. Ọmọbìnrin kan tó bá jí ní aago márùn-ún tó kírun, tó sì ká ẹní rẹ̀, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ èyí tó ń ka Bíbélì lórí bẹ́ẹ̀dì. Bóyá kó tilẹ̀ jí i kí ó lè kàwé.

Ẹ ó ní ará yàrá máa ń ràn èèyàn. Níbẹ̀, ẹ jàre mi díẹ̀. Bruce Sacerdote, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Dartmouth ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde ní 2001 lórí àwọn ọmọ ọdún kìíní tí ilé-ìwé náà fi ìbò pín sí yàrá. Ó rí i pé máàkì ẹni tí a jọ ń gbé máa ń kan tiwa, bí ó bá sì wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin inú ọgbà, ó lè fà wá wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ̀rù yín ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́: ìwé kíkà ló ń ràn, ẹgbẹ́ ló ń ràn. Bí ẹ bá fẹ́ yan nǹkan fún ọmọ, ẹ wá ẹni tó ń kàwé. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó ń sùn títí di aago mẹ́wàá kò ní fi jíjẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ gbé ọmọ yín dé ibì kankan.

Àwọn ilé-ìwé kan lókè òkun sì ti rí ohun tí mò ń wí. Ní 2018, Yunifásítì Duke, ní North Carolina, ní àwọn ọmọ tuntun kò ní máa fúnra wọn yan ẹni tí wọn yóò jọ gbé mọ́. Wọ́n ti rí i pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ náà ti ń wá ara wọn kí wọ́n tó dé, olówó ń wá ọmọ olówó, ẹni tó jọ wọ́n ni wọ́n ń mú. Bí WhatsApp tiwa níbí gẹ́lẹ́. Ilé-ìwé ní ó tó, òun ni yóò máa pín wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó sún mọ́ wa ju Amẹ́ríkà lọ. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù yìí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ dókítà. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò jìnnà sí wa, ti Benin náà já sí ibí, kò sì sí ẹ̀yà tí jàǹbá mọ́tò kì í gbé wọ ilé ìwòsàn náà. Bí wọ́n bá gbé awakọ̀ obì kan tó jẹ́ ará Kátínà dé lóru, tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, dókítà kékeré tó wà níbẹ̀ ni yóò bi í pé ibo ló ń dùn ún. Èyí tó bá ọmọ Hausa gbé yàrá fún ọdún kan yóò mọ̀ ọ́n bi. Èyí tí ìyá rẹ̀ gbé kúrò nínú yàrá yóò máa wá ẹni tó máa túmọ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Ọmọ ìyá olóbì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló lọ kọ́.

N kò ní dá àwọn ilé-ìwé sí. Bẹ́ẹ̀dì kò tó, wọ́n sì mọ̀ pé kò tó. Ibi tí nǹkan kò bá ti tó ni owó ẹ̀yìn ti ń wọlé. Ọmọ àbúrò mi san owó bẹ́ẹ̀dì ní ibì kan, ó débẹ̀ ó bá ẹni méjì mìíràn tí wọ́n ní ìwé bẹ́ẹ̀dì kan náà lọ́wọ́. Ọmọ náà sùn sílẹ̀ nínú yàrá ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí tí sáà náà fi parí. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì bá ti di ọjà, ẹni tó lówó ló ń yan ará yàrá, tálákà ni wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgboro ńkọ́, bí ti Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń háyà yàrá lọ́wọ́ onílé? Kò sí ìbò níbẹ̀, èjẹ́ńtì ló wà, oníkálukú ló sì ń mú ẹni tiẹ̀. Bí ìjọba bá ń kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀dì nìkan kọ́ ló ń kọ́. Kí wọ́n fi ìbò pín in, kí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri, kí pọ́tà má sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

N kò sọ pé kí ọmọ máa jìyà o. Bí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé bá ń jalè, bó bá ń nà án, bó bá ń mu igbó sínú yàrá, kí ọmọ lọ sọ fún alábòójútó, kí wọ́n gbé e kúrò lọ́jọ́ náà. Èmi fúnra mi ni n ó kọ lẹ́tà yẹn, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ohun tí ẹni náà ṣe, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti bí i.

Lóṣù tí wọn yóò bá wọlé, ẹ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì fún ọmọ, nítorí omi. Ẹ ra kọ́kọ́rọ́ tó dára fún àpótí rẹ̀. Olè kò ní ẹ̀yà. Ẹ di gàárì, ẹ jẹ́ kó pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ, nítorí àwọn mẹ́fà ni yóò jẹ ẹ́. Bí ẹ bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹ kí gbogbo ẹni tí ẹ bá níbẹ̀, ẹ béèrè orúkọ wọn, ẹ gbìyànjú kí ẹ pè é dáadáa. Bí òbí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ mọ́tò yín kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ máa bọ̀ nílé.